Aya Àtíálá Inú Àbàtà Dákẹ́

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú ikọ́ rẹ̀ tán, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ìtàn ariwo. Ẹ ti gbọ́ bí èmi àti ẹkùn ṣe wo ara wa lójú títí ẹkùn fi kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Ẹ ti gbọ́ bí ẹfọ̀n ṣe lé mi gun igi, tí mo sì fi ọjọ́ méjì bú u láti òkè títí ojú fi tì í, tó lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àyàfi èyí tí mo fi iyọ̀ sí díẹ̀ kó lè dùn. Ṣùgbọ́n tòní yìí, n kò fi nǹkan kan kún un. Èmi Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́jìnmí, tí mo ti wọ igbó mọ́kànlá já sí òdìkejì, mo fẹ́ sọ fún yín nípa ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ igbó láìgbé ìbọn. N kò pa ohunkóhun lọ́jọ́ náà lẹ́yìn tí mo wọlé síbẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ ọdẹ kan tó gba nǹkan lọ́wọ́ mi tó ọjọ́ yẹn.

Mo ṣì kéré nígbà náà. Irùngbọ̀n mi kò ju fọ́nrán mélòó kan lọ, mo sì ń fẹ́ ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Àyọ̀ká. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ yẹn, ẹ má kánjú mi. Àyọ̀ká a máa gé koríko etí omi, a sì máa fi í hun ẹní. Bó bá jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, tó ń fi ìka gígùn rẹ̀ da koríko ní méjì méjì, ọkàn mi a máa lọ, a máa bọ̀ láàárín àwọn ìka náà bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ń hun. Bó bá rẹ́rìn-ín, ihò kékeré kan a yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. Mo ti ṣubú sínú ihò kékeré yẹn ju bí mo ti ṣubú sínú kòtò lọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà mí jáde.

Èmi nìkan kọ́ ló rí i. Ọkùnrin kan wà ní etí ọ̀sà, agbẹ́kọ̀ ni, Ayédùn lorúkọ rẹ̀, òun náà ń fẹ́ ẹ. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ì bá jẹ́ èèyàn burúkú ni, ìtàn mi ì bá rọrùn láti sọ. Ní ìlú wa nígbà náà, bí ọkùnrin méjì bá ń fẹ́ ọmọbìnrin kan, wọn kì í jà. Wọ́n á dá ọjọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó tan àtùpà, ọmọbìnrin á bu ife omi kan ṣoṣo níwájú ẹbí gbogbo, á gbé e fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn. Ẹni tó bá gbà á mu ni ọkọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà kò bá sí níjòókòó nígbà tí wọ́n bá gbé àtùpà jáde, a gbà pé ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni yóò mu omi, ìbáà ṣe pẹ̀lú ẹkún ni ọmọbìnrin fi bù ú. Omi ìdáhùn là ń pè é. A kì í bù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ omi Àyọ̀ká bọ́ sí àkọ́rọ̀ òjò, nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú òórùn dídùn jáde, tí ewé tuntun pupa bí ètè ọmọ ọwọ́. Mo jí ní ìdájí, mo ní n kò ní í lọ sílé àna mi lọ́wọ́ òfìfo. Lójú ọ̀nà àbàtà ni mo ti rí àtíálá kan tó ń fò bọ̀, ẹyẹ ńlá ẹnu gígùn tó tẹ̀ bí dòjé, ìyẹ́ rẹ̀ ń dún hùù hùù bí ẹni ń fẹ́ná. Mo yìnbọn. Ó bọ́. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi súfèé délé.

Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níjòókòó ti mọ ibi tí mo ti ṣìṣe. Kí bàbá mi tó kọ́ mi bí wọ́n ti ń ki ìbọn ló ti kọ́ mi ní èyí: ní àkọ́rọ̀ òjò, wo ẹnu ẹran kó o tó wo àyà rẹ̀. Ẹran tó gbé oúnjẹ lẹ́nu kì í ṣe ẹran kan, ó ju ọ̀kan lọ. Gbogbo ọdẹ ìlú wa ló mọ̀ ọ́n. N kò wo ẹnu. Ìfẹ́ ló wà lójú mi, kò sì sí èéfín tó burú fún ojú ọdẹ tó ìfẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ ni Àyọ̀ká ti gba ẹyẹ náà lọ́wọ́ mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka la ẹnu ẹyẹ náà, èso ọ̀pọ̀tọ́ pupa sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí kiri lórí ẹní tí kò tíì hun tán.

"Àlàó," ó fi oríkì pè mí, "ta ló ń gbé èyí lọ fún?"

"Ó ń jẹun ni."

"Ẹni tó ń jẹun a máa gbé e mì. Eléyìí rù ú ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èso náà síbi kan, kò gbójú sókè. "Mo ti rí wọn níbi tí mo ti ń gé koríko. Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, aya á wọ inú ihò igi. Òun àti ọkọ á fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, yóò ku ibi tí ẹnu ẹyẹ nìkan lè gbà. Ìyẹ́ rẹ̀ á re níbẹ̀, kò ní lè fò. Ọkọ ló ń bọ́ ọ, ọkọ ló ń bọ́ ọmọ. Ó wà nínú ògiri báyìí, ó ń retí."

Mo fẹ́ fi ṣàwàdà. "Ṣé nítorí ẹyẹ lo ṣe ń wò mí báyìí?"

"Nítorí ara mi ni. Èmi náà fẹ́ wọ ilé ẹnì kan."

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti yìnbọn sí mi rí nínú òkùnkùn. Kò dùn mí tó ìyẹn. Ó na ọwọ́, ó gba ìbọn mi, ó gbé e ti ògiri. "Lọ wá a rí. Bọ́ ọ lónìí. Láti ọ̀la, àwa méjèèjì ni a ó jọ máa bọ́ ọ. Kó o sì dé kí wọ́n tó gbé àtùpà jáde, nítorí ìwọ ni mo fẹ́ bu omi fún. Mo ti sọ ọ́ tán, má jẹ́ kí n tún un sọ, ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n bó o bá dé tí o kò rí i, Ọdẹ́rìndé, Ayédùn ni yóò mu ún."

Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Mo ní àdá, mo ní okùn ìgungi, mo ní ìlérí obìnrin kan láyà.

Àbàtà Dákẹ́ jìnnà sí ìlú níwọ̀n ìrìn tí oòrùn fi ń kúrò lórí koríko dé orí òrùlé. Omi àkọ́rọ̀ ti kún ún. Òṣíbàtà tẹ́ pẹrẹsẹ lójú omi, lékeléke dúró káàkiri bí aṣọ funfun tí wọ́n sá tí wọ́n gbàgbé. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ìbọn, gbogbo ìgbà náà ni mo sì rò pé ibi ìdákẹ́jẹ́ ni. Irọ́ ni. Èmi ni wọ́n máa ń dákẹ́ fún. Lọ́jọ́ tí ìbọn kò sí léjìká mi, wọn kò dákẹ́. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, wọn kò kà mí sí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ bó ṣe ń rí láti wọ àárín ọ̀pọ̀ èrò tí ẹnikẹ́ni kò ní kí o jókòó.

Níbi tí ọ̀nà ti pàdé omi, ẹnì kan dúró. Bí mo bá ní èèyàn ni, mo purọ́. Bí mo bá ní ẹyẹ akọ̀ ni, mo ṣì purọ́. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi tẹ omi, ó tín-ín-rín, ó ga jù mí lọ. Ọrùn rẹ̀ ká léra bí okùn, aṣọ rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ojú rẹ̀ sì jẹ́ ojú àgbàlagbà tó ti jókòó ti òkú púpọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, àyà mi kan omi.

"Ọmọ ọdẹ," ó ní, "ìbọn rẹ dà?"

"Mo fi í sílẹ̀ nílé, Bàbá."

"Ta wá ni ọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu, bí ẹnu mi ṣe máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà mí. Mo ní, "Èmi ni Ọdẹ́rìndé tó mọ ipasẹ̀ ẹran mẹ́rìndínlógún bí mo bá dijú. Bí etu bá gba ibì kan kọjá lánàá, mo lè sọ ohun tó ń rò."

"Ipasẹ̀ ta lò ń wá lónìí?"

"Aya àtíálá, Bàbá. Èyí tó wà nínú igi."

"Kò rìn. Kò fò. Kò ké, nítorí pé ẹni tó ń fi ara pamọ́ kì í ké. Ipasẹ̀ wo lo fẹ́ tọ̀?"

Ó rọ ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ko tèmi. "Mo lè fún ọ ní ẹni tí yóò mú ọ débẹ̀. Àmọ́ n kì í fún ni lọ́fẹ̀ẹ́. Jókòó sínú koríko yẹn. Má mira. Bí ẹyẹ kan bá bà lé ọ, n ó pa àlọ́ kan fún ọ, ọ̀nà wà nínú àlọ́ náà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ibi tí mo gbọ́dọ̀ dé kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Gbogbo ọdẹ ló ní ibi tó ń lọ," ó ní, ó sì padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo jókòó. Ọdẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá lúgọ, a ń retí ẹran tí a fẹ́ pa ni. Ìlúgọ láìní ohun tí a fẹ́ pa, nǹkan mìíràn ni. Mo rí ẹ̀gà tó ń hun ilé rẹ̀ sórí imọ̀ ọ̀pẹ, aya rẹ̀ dé, ó wo ilé náà, ó fi ẹnu tu gbogbo rẹ̀ dànù, ọkọ sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo rín ẹ̀rín láìjẹ́ kí èjìká mi mì. Mo rí ẹ̀lulùú tó ń wẹ̀ nínú ìrì orí koríko. Mo rí pẹ́pẹ́yẹ igbó àti ọmọ mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀ lójú omi. Ìyá wẹ̀yìn, ó ka wọn, ó tún wẹ̀yìn, ó tún ka wọn. Gbogbo wọn ló ní ẹnì kan tí wọ́n ń ké sí, ẹnì kan sì ń dá wọn lóhùn. Oòrùn gun òkè. Ẹsẹ̀ mi kú. Mo rò ó pé bí n bá ké nísinsìnyí, ta ni yóò dáhùn? Mo mọ orúkọ ẹni tí mo fẹ́ kó dáhùn. Mo wá mọ̀ pé ní gbogbo ọdún tí mo ti ń wọ igbó, ohùn ìbọn mi nìkan ni mo ti ń gbọ́, mo sì ti ń rò pé igbó ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni olongo kan ti bà lé mi léjìká. Kò tó ìwọ̀n àtàǹpàkò mi méjì. Ó fi ẹnu fa òwú kan jáde nínú aṣọ gbérí ọdẹ mi, ó fà á, ó fà á, ó já, ó gbé e lọ. Ó fẹ́ fi tẹ́ ìtẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Ó dáa," Bàbá Akọ̀ wí láìyíjú. "Gbọ́ àlọ́. Ó wọ aṣọ àríyá lọ sídìí ààtàn. Kò ní eyín, kò sì sí ilé ìdáná tí kò mọ̀. Ta ni?"

"Eṣinṣin."

"Ta ló rán aṣọ àríyá fún eṣinṣin?"

"Bó bá jẹ́ eṣinṣin olówó, Bàbá."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo ronú títí orí ń ta mí. Nígbà náà ni labalábá aláwọ̀ ewé kan fò kọjá níwájú imú mi, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n jọ dorí kọ ìhà kan náà bí àwọn tó gbọ́ pé oúnjẹ ti jinná. Mo fò dìde. "Labalábá ni, Bàbá."

"Ibi tí èso ti ń bọ́ sílẹ̀ tó ń rà, tí ìgbẹ́ ọmọ ń bọ́ lé e, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ilé wo lọmọ wà tí ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní? Máa lọ."

Ẹ wò mí o, èmi tí mo ti tọ ipasẹ̀ ìmàdò, mo ń fi ojú tọ ipasẹ̀ ohun tí kò tẹlẹ̀. Àwọn àgbà ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ẹni tó sọ ọ́ kò tíì lé labalábá nínú irà rí. Wọn kì í lọ tààrà. Wọ́n á yà, wọ́n á padà, wọ́n á lọ kí òdòdó kan tí wọ́n ti kí lẹ́ẹ̀kan. Aláwọ̀ ewé yà, mo bọ́ sẹ́yìn aláwọ̀ osùn. Aláwọ̀ osùn jókòó sinmi, mo bá dúdú tó ní ojú funfun lọ. Òkè ni mò ń wò. Bí ilẹ̀ ṣe là sábẹ́ ẹsẹ̀ mi nìyẹn, irà gbé mi dé ìbàdí.

"Ẹ kú ìrìn o," ohùn kan wí lápá òsì mi. Ojú méjì ló yọ lórí omi, eyín púpọ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀nì ni. "Má da ara rẹ láàmú. Sáà máa rì bọ̀. Bó o bá rì dé àyà, á rọ̀ mí lọ́rùn láti fà ọ́."

"Ọ̀nì, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè kan kí n tó kú. Ta ló ni mí?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Èmi ni."

"Ìwọ lo ni omi, mo gbà. Ẹkùn ló ni ilẹ̀. Ta ló ni ẹrẹ̀? Bó o bá jẹ mí níhìn-ín, tí ẹkùn sì gbọ́, ṣé kò ní í ní o ré ààlà òun kọjá?"

Ọ̀nì ronú. Ẹ̀yin ará, ọ̀nì kò ní iṣẹ́ kankan lójúmọ́ ju kó sùn sórí àpáta kó máa ronú lọ, nítorí náà bó bá bẹ̀rẹ̀, kì í yára parí. "Omi ló pọ̀ jù nínú ẹrẹ̀," ó ní nígbà tó yá.

"Ta ló wọ̀n ọ́n?"

Ó tún ronú. Ní gbogbo àkókò yìí, mo ti ń ṣe ohun tí Àyọ̀ká kọ́ mi. Àwọn tó ń gé koríko mọ̀ pé irà kì í gbé ẹni tó bá tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní. Mo dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, mo na apá, mo tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo yí gbirigbiri dé gbòǹgbò igi kan.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ni ọ̀nì wí. "Ìdajì ni. Ìdajì rẹ ni tèmi." Ó ju ara rẹ̀ síwájú, eyín rẹ̀ pa dé, bàtà ẹsẹ̀ òsì mi ló bá a lọ.

"Ìdajì yẹn náà ti tó ọ," mo sọ láti orí gbòǹgbò.

Bí mo ṣe gbójú sókè ni mo rí ibẹ̀. Igi ahùn ńlá kan ló dá dúró. Èèpo èso àti ìgbẹ́ funfun bo ìdí rẹ̀, labalábá sì bo gbogbo rẹ̀, ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, wọ́n ń la ìyẹ́, wọ́n ń pa á dé, ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ ń mí. N kò tíì rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí n kò ní ẹni tí mo lè fi í hàn. Èrò àkọ́kọ́ tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé, Àyọ̀ká, wá wò ó. Kò sí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo já èso kún fìlà mi lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tó wà nítòsí, mo fi okùn gun igi náà. Ní òkè, ògiri ẹrẹ̀ gbígbẹ kan wà lójú ihò, ojú ìlà tóóró kan sì wà láàárín rẹ̀. Mo fi ohùn akọ àtíálá ké. Ọdẹ ni mí, ohùn ẹran wo ni kò sí lọ́fun mi? Ẹnu gígùn kan yọ láti inú ìlà náà, ó ń gbọ̀n. Mo fi èso kan sí i. Ó fà á wọlé. Ohùn ọmọ kan dún nínú lọ́hùn-ún, wẹ́rẹ́. Mo fi òmíràn sí i. Ó tó bíi mẹ́wàá kó tó sọ̀rọ̀.

"Ohùn rẹ jọ ti ọkọ mi," ó ní, "bí òjìji ṣe jọ igi."

Mo tún na èso kan sí i.

"Ọkọ mi a máa fi ẹnu rún èso kó tó fún mi. Tìrẹ yìí le. Ta ni ìwọ?"

"Ẹni tó gbé oúnjẹ wá."

"Ẹni tó yẹ kó gbé e wá ń kọ́?"

"Ó dúró lójú ọ̀nà, ìyá ọmọ."

"Ta ló dá a dúró?"

Mo lè purọ́. Ẹ kò rí bí mo ti ń purọ́ fún yín lójoojúmọ́, tí ẹ ń pàtẹ́wọ́? Ṣùgbọ́n ojú ìlà yẹn tóóró jù, irọ́ kò gbà á. "Èmi ni," mo ní. "Ìbọn mi ni. N kò wo ẹnu rẹ̀."

Ẹnu náà wọlé. Lójijì ni ó fi orí gbá ògiri láti inú, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ẹrẹ̀ gbígbẹ sán, ìdajì ògiri náà wó gbì, ó bọ́ sáàárín àwọn labalábá. Mo rí i. Ìyẹ́ rẹ̀ ti re, ara rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ. Ọmọ kan tí kò ní ìyẹ́ rárá wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wò mí. Mo wò ó. Omi bọ́ lójú mi, mo gbá igi mọ́ra, n kò lè nù ún, labalábá méjì kan sì fò wá jókòó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n ń fa iyọ̀ inú rẹ̀ mu. Àwọn nìkan ló fọwọ́ kàn mí lọ́jọ́ náà.

"Ọmọ ń ké," ìyá rẹ̀ wí. "Mú èso wá."

Mo fún un. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Mo ní, "Ìyá ọmọ, omi kan ń dúró dè mí nílé. N ó padà wá lọ́la."

"Máa lọ. Ọkọ mi náà lọ."

Kì í ṣe èpè, ó kàn sọ ọ́ ni. Mo sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kanlẹ̀ ni mo rí òjòlá lórí ẹ̀ka kejì, ó ti ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀, orí rẹ̀ kọ ihò tó ṣí sílẹ̀. Mo fi àdá gbá igi, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún dúró. Kò kánjú, ó mọ̀ pé èmi ni mo ní ibi tí mo ń lọ. Mo wo oòrùn. Bí mo bá sáré nígbà yẹn gan-an, mo lè bá omi náà. Mo ṣe ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ní ìkẹrin, mo rò ó pé bí Àyọ̀ká bá bi mí bóyá mo rí i, kí ni n ó sọ? Pé mo rí i, mo sì fi í sílẹ̀ fún òjòlá pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí?

Mo padà. Mo fi fìlà mi bu ẹrẹ̀, mo gun òkè. Mo tún sọ̀ kalẹ̀, mo tún bù ú. Ìyá ọmọ ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tẹ̀ ẹ́ láti inú, èmi ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìta.

"Èyí tutù jù," ó ní. "Ṣé o kò tíì mọ ilé rí ni?"

"Rárá."

"Ó hàn. Fi èèpo èso sí i. Rọra."

Mo rọra. Lékeléke bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lókè, ọ̀wọ́ lẹ́yìn ọ̀wọ́, wọ́n ń relé. N kò wòkè mọ́. Ojú ìlà náà ń dín kù, ó di ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ó di méjì. Nígbà tó ku ibi tí ẹnu rẹ̀ nìkan lè gbà, òjòlá ká ara rẹ̀ padà, ó lọ. Ojú ọ̀run ti pọ́n, ó ti dúdú létí.

Mo sáré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ òsì mi fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Iná àtùpà ni mo kọ́kọ́ rí. Àwọn èèyàn ti ń kí ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àyọ̀ká jáde sí ẹ̀yìnkùlé wá bá mi, ife òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i. Ọmọ kan ló ní."

Ó wo ọwọ́ mi, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn dé ìgúnpá. Ó fi ìka kan kan ẹrẹ̀ náà. "Mo gbé ife yìí dúró títí omi fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi," ó ní. "Bàbá mi pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ayédùn gan-an ní kí wọ́n mú sùúrù. Wọ́n mú sùúrù."

"Ó ti mu ún?"

"Ó ti mu ún."

Ẹnì kan pè é láti inú ilé. "Ta ni yóò wá máa bọ́ ọ?" Àyọ̀ká bi mí.

"Èmi ni."

"Máa rún èso náà fún ọmọ," ó ní, ó sì wọlé.

Oṣù kan àti ààbọ̀ ni mo fi gun igi yẹn, àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́. Mo kọ́ bí wọ́n ti ń rún èso. Láàárín ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi gbé Àyọ̀ká lọ sí etí ọ̀sà, n kò lọ sin ín, nítorí àkókò oúnjẹ ọmọ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó dé ojú ihò, ẹnu aya àtíálá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ògiri láti inú. Ó jáde, ìyẹ́ tuntun ń dán lára rẹ̀ bí aṣọ ìyàwó. Ọmọ tẹ̀ lé e, ó ṣubú, ó gbá ẹ̀ka mú, ó dìde. Ìyá ké lẹ́ẹ̀kan sí gbogbo àbàtà. Ohùn akọ náà wà lọ́fun mi, ó ti dé ẹ̀yìn eyín mi. N kò ké e. Láti òdìkejì omi, akọ àtíálá kan dáhùn, ìyá àti ọmọ sì fò lọ síbẹ̀, ìyẹ́ wọn ń dún hùù hùù.

Mo sọ̀ kalẹ̀ sáàárín àwọn labalábá. Èso ọ̀pọ̀tọ́ ṣì kún fìlà mi. Mo jókòó sídìí igi náà, mo sì ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.